Òwú Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ẹnu

Ojú gbogbo ayé ni Ọwọ́-Wúrà ti fi ẹnu ko ọwọ́ ara rẹ̀.

Orí tẹlifíṣọ̀n ni o. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga pupa, iná ńláńlá ń tàn sí i lójú, ọmọbìnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò sì bi í pé ta ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ibi tí iṣẹ́ aránṣọ gbé e dé. Ìbéèrè tí ọmọdé lè dáhùn ni. Kó sáà dárúkọ Ọlọ́run, kó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n sì kọjá sí ìpolówó ọjà. Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú kámẹ́rà, ó yí wọn síwá sẹ́yìn, ó sì fi ẹnu kò wọ́n, ọ̀tún kí òsì tó tẹ̀ lé e.

"Àwọn wọ̀nyí ni," ó wí. "Kò sí ẹni tó bá mi rán aṣọ kankan. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n kò rí i, nítorí ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ó na ọwọ́, ó táràrà títí ó fi kan ibi tí wọ́n ti ń pa á, ó sì pa á.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló gba ojú lọ́wọ́ obìnrin náà. Nígbà tí ìyá wọn kú, tí bàbá sì ti ṣáájú, òun ló di ìyá, òun náà ló di bàbá. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, maṣíìnì kan wà láàárín ibùsùn méjèèjì, ìdí rẹ̀ ló sì máa ń wà, tí yóò máa rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́ iná tí kò tó nǹkan, títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú. Òun ló sì kọ́ ọ pé kí wọ́n tó gé aṣọ láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé sísọ́ọ̀sì náà. "Olúwa, di ọwọ́ wa mú," á wí. "Bí o kò bá dì í mú, a ó ba aṣọ aláṣọ jẹ́." Ọmọkùnrin náà á ní àmín, wọ́n á sì gé e.

Ohun kan ṣoṣo ló kọ́ ọ tí kò gbà. Bí orí òwú bá tú, tí kò fẹ́ wọ ojú abẹ́rẹ́, ẹnu ni ọmọ yìí máa ń tì í bọ̀. Á fi ahọ́n lá a, á fi ètè fún un, ó di kó wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbá a lórí, á ju àjókù àbẹ́là sí i pé kó fi pa òwú.

"Ẹnu tá a fi ń gbàdúrà kọ́ ni wọ́n fi ń lá òwú," á wí.

Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á fi àbẹ́là pa á lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sì tún lá òmíràn nígbà tó bá yíjú.

Ìgbà tó yá, ọ̀nà là. Ó là débi tí kò fi mọ bó ṣe fẹ́ rìn ín. Ilé iṣẹ́ tí gíláàsì wà níwájú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, mọ́tò tó ń dán bí ẹyinjú, gbogbo rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ láìkan ilẹ̀kùn. Ní àkọ́kọ́, ó ṣì máa ń fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kó wá gbé ọwọ́ lé sísọ́ọ̀sì. Nígbà tó di ọjọ́ kan, oníbàárà kan tó wọ bàtà gíga bèèrè pé, "Ta ni afọ́jú yìí?" Ojú ti Ọwọ́-Wúrà. Ní ọjọ́ kejì, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Ẹ máa sinmi nílé." Ó palẹ̀ tábìlì mọ́, ó sì da àjókù àbẹ́là nù pẹ̀lú ẹ̀rún aṣọ.

Obìnrin náà kò bá a jà. Ó mú sísọ́ọ̀sì àtijọ́ tí ó ti dógùn-ún sọ́dọ̀, ó sì ń gbé ọwọ́ lé e láràárọ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run nítorí ọwọ́ tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti tẹlifíṣọ̀n ni ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ oníbàárà rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mọ́mì onílé ìtura ló wà lórí tábìlì. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti kó aṣọ náà wá, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá bà á jẹ́. Ọwọ́-Wúrà ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, ọwọ́ gbọ̀n, ẹnu sísọ́ọ̀sì yà bàrá kúrò lójú ìlà. Ó lé àwọn ọmọ iṣẹ́ jáde. Ó fi téèpù ìwọnṣọ di ọrùn ọwọ́ náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ń gbọ̀n síbẹ̀, tábìlì náà sì ń bá a gbọ̀n.

Ẹni tó gbọ́n á lọ sílé, á kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní Àǹtí mi, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ báwo ni ẹni tó ti fi ẹnu ko ọwọ́ ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé ṣe fẹ́ lọ sọ pé ọwọ́ náà ti dojú ti òun? Ìgbéraga kò jẹ́ kó lè tẹ eékún.

Mọ́mì onílé ìtura ló ká a mọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn wọlé ni, ó rí ọwọ́ tí wọ́n so mọ́ tábìlì, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́-Wúrà! Ṣé èyí náà kọ́ ló ṣe é?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Àárẹ̀ ni. Á lọ."

"Kò ní lọ." Obìnrin náà fà á létí, bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. "Ọmọ mi gbọ́dọ̀ wọ aṣọ yẹn o, bó o bá bà á jẹ́, màá bà ọ́ jẹ́. Wò ó, mo mọ ẹnì kan tó ń tún ọwọ́ ṣe. Ṣé ìwọ náà rò pé ọwọ́ lásán ni mo fi kọ́ ilé ìtura?"

Ọ̀sán gangan ni Ọwọ́-Wúrà lọ síbẹ̀. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni, àwọn ènìyàn ń kó aṣọ ìdọ̀tí wọlé, wọ́n ń kó èyí tó mọ́ jáde, òórùn ọṣẹ gba ibi gbogbo. Wọ́n mú un dé ẹ̀yìn àwọn maṣíìnì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan nílẹ̀, ó sì bá àkàbà irin sọ̀kalẹ̀. Òórùn ọṣẹ bá a dé àárín àkàbà, ó pẹ̀yìn dà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń pẹran, tí wọn kò sì fomi ṣan.

Ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn fún un. Aṣọ dúdú bò ó láti ìdí imú dé àgbọ̀n. Ọwọ́-Wúrà kí i, ọkùnrin náà kò dáhùn. Ó padà jókòó sórí àga onígi kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àga mìíràn bí irú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní.

Oníṣègùn tí Mọ́mì wí wà nídìí tábìlì kékeré, ó ń fi abẹ bó ọsàn. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wọ̀. Ìwọ̀nba iná kan tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà. Ìyókù yàrá náà, ojú kò ká a, etí nìkan ló ń gbọ́ pé nǹkan kan ń kán tó, tó, sínú nǹkan kan.

"Jókòó, Ọwọ́-Wúrà. Mo rí ọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mọ́ mi nínú."

"Ẹ ṣé, Baba."

"Ẹlòmíràn débẹ̀, á máa dárúkọ ẹni tí kò sí níjókòó. Ìwọ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbé ọwọ́ ọ̀hún wá."

Ó gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹnì kan ń di ọwọ́ yìí mú," ó wí. "Láràárọ̀ ni. Obìnrin ni, kò ríran. Ìwọ ń fà á síhìn-ín, òun ń fi orúkọ ẹlòmíràn fà á sọ́hùn-ún. Kí ni kò ní gbọ̀n sí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, Baba. Kì í ṣe ènìyàn burúkú."

"Ta ló ní ó burú?" Oníṣègùn ju ẹ̀là ọsàn kan sẹ́nu. "Ẹni tó burú ò wúlò fún mi."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Iṣẹ́ rẹ náà ni. Lọ rán aṣọ fún un."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló fi abẹ tó fi bó ọsàn ya ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò yára, kò sì fi ṣe ìbínú. Omi ọsàn wọ ojú ọgbẹ́, Ọwọ́-Wúrà hu bí ajá. Oníṣègùn gbé ìdì òwú funfun kan sábẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń yí i bí ẹni ń yí ẹran lórí iná, òwú náà ń mu ún. Ó mu ún títí ó fi pọ́n, ó mu ún títí ó fi dúdú. Nígbà náà ni ohùn ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó dà bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́ gbé e, ọwọ́ gbà á.
Ọwọ́ gé e, ọwọ́ rán an.
Ojú tó bá bèèrè pé ta ni, kó fọ́.
Ẹnu tó bá dárúkọ ẹlòmíràn, kó pa dé.
Ọwọ́ nìkan, ọwọ́ nìkan, ọwọ́ nìkan ló kù."

Nínú òkùnkùn, nǹkan tó ń kán náà dákẹ́.

"Gbọ́ mi dáadáa," oníṣègùn wí, ó ń nu abẹ. "Òwú yìí ni wàá lò, ọwọ́ ni kó o sì fi rán an. Maṣíìnì kò gbọdọ̀ fara kàn án. Tó bá ti wọ̀ ọ́, aṣọ náà mọ ohun tó máa ṣe, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Kí òkú rẹ̀ tó tutù, ọwọ́ rẹ á ti di tìrẹ nìkan. Kò ní gbọ̀n mọ́, kò ní tàsé láyé. Ṣùgbọ́n òwú yìí kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ. Bó bá kàn án, ẹnu náà di tèmi."

Ọwọ́-Wúrà yíjú wo ọkùnrin ìdí ilẹ̀kùn láìmọ̀.

"Bàtà nìyẹn ń rán tẹ́lẹ̀," oníṣègùn wí. "Kò sẹ́ni tó mọ bàtà rán tó o. Mo sọ fún un bí mo ṣe ń sọ fún ọ yìí gan-an. Má tẹjú mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ojú ń tì í."

Kó tó dé òkè àkàbà, ọwọ́ ọ̀tún ti dúró jẹ́ẹ́. Ó nà án síta nínú oòrùn, ó wò ó. Kò mì. Ó rẹ́rìn-ín nìkan lójú títì.

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra ní ilé iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ló mú, èyí tó rọ̀, tí afọ́jú lè gbádùn láti fọwọ́ pa. Kò wá téèpù. Ó mọ ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí: èjìká tó tẹ̀ síwájú nítorí maṣíìnì, apá òsì tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, ẹ̀yìn tó gbé e pọ̀n. Sísọ́ọ̀sì ń lọ geere. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, ìránṣọ náà tò bí eyín ọmọ ọwọ́. Ẹ wò ó, ọ̀daràn náà ń súfèé. Ohun tó dára jù lọ tó rán láyé rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó rán an fún sì ni yóò pa.

Ọrùn aṣọ ló kù. Ó gé òwú tuntun, orí rẹ̀ tú. Ó fi ìka yí i, kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Ó tún un gé, ó tún tú. Ibi tó ti ń jà pẹ̀lú rẹ̀ ni fóònù dún, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì kún yàrá.

"Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Àǹtí."

"Irọ́ lò ń pa. Mo ń gbọ́ èémí rẹ. Rọra ṣe é o. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ ni mo gbé lọ́wọ́ lónìí, mo ń bá Ọlọ́run sọ ọ́."

Nǹkan kan fún un láyà, ó sì jẹ́ pé àánú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbàgbé bí àánú ṣe ń rí. "Ó dàbọ̀, Àǹtí," ó wí, ó yára pa fóònù, ó gbójú lé abẹ́rẹ́ kó má bàa ronú. Òwú kò wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ wá àjókù àbẹ́là kiri orí tábìlì, kò sí níbẹ̀. Kó tó mọ̀, òwú ti wà lórí ahọ́n rẹ̀.

Ó korò, ó sì tutù bí irin.

Ó fà á yọ. Ó wò yíká bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Gíláàsì ni, àga ni, aṣọ ni. Kò sẹ́ni tó rí i. Orí òwú náà sì ti rẹ́, ó ti mú ṣóńṣó. Ó wọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè ṣe nǹkan kan, ó fi òwú náà rán ẹ̀yìn ọrùn aṣọ parí, ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú tó ṣẹ́ kù gún àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bí gbogbo aránṣọ ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tó gbé aṣọ náà délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ pa á láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ojú tí kò ríran náà ń ṣomi.

"Èmi lo rán èyí fún?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí."

"Láti ìgbà tó o ti di ènìyàn ńlá, o ò rán nǹkan kan fún mi rí." Ó fi aṣọ náà bo ojú. "Ẹ̀mí rẹ á gùn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbàdúrà sí i."

"Ẹ wọ̀ ọ́ wò ná."

"Kí ló ń lé wa?" Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kò tọrọ nǹkan kan fún ara rẹ̀. "Olúwa, ọwọ́ ọmọ ìyá mi rèé. Ó ti gbàgbé ẹni tó dì í mú. Ìwọ má ṣe gbàgbé rẹ̀."

Ọwọ́-Wúrà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ṣe àmín. Ètè rẹ̀ kú tipiri, bí ẹni pé dókítà eyín ti gún un lábẹ́rẹ́.

Obìnrin náà wọ aṣọ náà. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó yí pòyì nínú yàrá bí ọmọdébìnrin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ wá ògiri. Lẹ́yìn náà ló dúró.

"Àbúrò, ó fún mi díẹ̀ lọ́rùn o. Àbí mo ti sanra ni? Ìwọ tí kì í ṣi ìwọ̀n mú."

"Ẹ jẹ́ kó gba ara yín ná," ó wí.

Bọ́tìnnì tí kò tíì dé ń dé fúnra rẹ̀. Apá aṣọ yí mọ́ ọn lápá, ó lọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń fún aṣọ tútù. Egungun ìhà kan dún. Ọrùn aṣọ ń wọ inú ẹran. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú lórí eékún, ahọ́n rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ wú, ó ń na ọwọ́ kan sínú òfìfo, ó ń wá a. Ọwọ́-Wúrà rò pé yóò ní kí òun gba òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Sá jáde," ó wí pẹ̀lú èémí tó kù. "Ohun kan... wà nínú yàrá yìí. Sá lọ... ọmọ ìyá mi."

Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti já. Ẹni tó ń pa ló ń wá bí òun á ṣe yè. Ó kígbe, ó fò mọ́ sísọ́ọ̀sì àtijọ́ tó wà lórí tábìlì, kó gé aṣọ náà kúrò lára rẹ̀. Ìka rẹ̀ kò ṣí. Ó sọ fún ọwọ́ ọ̀tún, ó kọ̀. Ó sọ fún ti òsì, ó kọ̀. Wọ́n rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n dúró jẹ́ẹ́, wọn kò gbọ̀n. Ẹnu nìkan ló kù fún un. Ó gbé orí sókè, ó ya ẹnu.

"Olú..."

Ọwọ́ òsì fò sókè, ó fún ètè rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yọ abẹ́rẹ́ láyà ṣẹ́ẹ̀tì.

Kò kánjú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun ẹnu lápá òsì, ó gún ètè ìsàlẹ̀, ó gba ti òkè jáde, ó fa òwú náà títí ó fi le. Ó tún gún un. Ọwọ́-Wúrà ń ké, igbe náà kò rí ibi gbà jáde, ó ń padà sínú rẹ̀. Ó sáré, ọwọ́ bá a sáré. Ó fi orí gbá ògiri, ọwọ́ dúró kó ṣe tán, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbóná ń ṣàn sí ọ̀fun rẹ̀, ó ń gbé e mì. Ìránṣọ náà tò, kò wọ́, ó lẹ́wà. Òwú tó yẹ kó ti tán kò tán. Nígbà tó dé igun ẹnu lápá ọ̀tún, ọwọ́ so kókó, ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó sì wá ihò imú kàn.

Ní ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó gbogbo èémí tó kù sí ọ̀rọ̀ kan.

"Olúwa!"

Ẹ̀yìn ọrùn aṣọ fàya. Ibẹ̀ nìkan ni, ibi tí òwú tó kan ẹnu wà. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n bá dá májẹ̀mú, ibi tí ẹnu ti wọ̀ ọ́ sì ni agbára rẹ̀ ti já. Ó tú láti ọrùn dé ìbàdí, gbogbo aṣọ náà sì ṣí lára rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ bí awọ ejò.

Obìnrin náà wúkọ́, ó mí, ó tún wúkọ́. Ó gbọ́ ohun kan tó ń kérora nítòsí ògiri. Ó rá pálá lọ bá a.

"Àbúrò? Ìwọ ni?"

Ọwọ́ rẹ̀ kan ojú rẹ̀, ó kan ohun tó yọ̀. Ìka rẹ̀ tọ ètè náà lọ láti igun kan dé ìkejì, ó sì dúró. Ó padà, ó tún un tọ̀. Ìka aránṣọ kì í gbàgbé. Ó mọ ìgbésẹ̀ abẹ́rẹ́ náà, ó mọ kókó ìparí rẹ̀, nítorí òun ló kọ́ ọ.

"Ta ló ṣe èyí fún ọ?" ó bèèrè, kó tó dá ara rẹ̀ lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọwọ́ rẹ ló ṣe é."

Ó fọwọ́ kan ìránṣọ aṣọ tó ya lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ìka padà sórí ètè náà. Ọ̀kan náà ni. Gbogbo rẹ̀ yé e. Ó yọ ọwọ́ kúrò, ó sì jókòó sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń rán imú lọ. Ẹlòmíràn ì bá dìde, ì bá táràrà wá ilẹ̀kùn, ì bá sì lọ. Kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi.

Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ méjèèjì mú. Wọ́n bá a jà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n lọ́ ọ níka títí ọ̀kan fi kán kẹ́. Kò tú wọn sílẹ̀.

"Olúwa," ó wí, omijé ń dà lójú rẹ̀, "láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o di ọwọ́ yìí mú. Mi ò bẹ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbà á."

Ọwọ́ méjèèjì kú sí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n rọ̀ jọwọlọ bí aṣọ tí omi ti rin, abẹ́rẹ́ sì jábọ́ sílẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà tú òwú náà, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè irú òwú wo nìyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá gé e. Wọn kò rí nǹkan kan ṣe sí ọwọ́. Ó wà lára rẹ̀, kò gbóná, kò sì mọ ìgbà tí wọ́n bá gún un. Ẹlòmíràn ló rán aṣọ ìgbéyàwó. Gíláàsì lọ, mọ́tò lọ, ọmọ iṣẹ́ tú ká. Ó ku yàrá kan àti ibùsùn méjì, bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ. Kò ríran, nítorí náà ṣíbí máa ń gbá a lágbọ̀n kó tó dé ẹnu. Láràárọ̀, á kúnlẹ̀, á gbàdúrà, á sì dúró de àmín. Kì í gbọ́ ọ. Ọwọ́-Wúrà lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti fi ẹnu yẹn pe Ọlọ́run.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo ojú fèrèsé. Lódìkejì títì, ọkùnrin kan tó fi aṣọ dúdú bo ẹnu jókòó sórí àga onígi. Àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà yọ aṣọ ìnujú, ó nu àga kejì náà mọ́, ó sì gbójú sókè wò ó.

Ọwọ́-Wúrà fẹ́ fa aṣọ fèrèsé. Kò ní ọwọ́ tí yóò fi fà á. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kúnlẹ̀, tí kò lè rí ohun tó wà níta. Ọkùnrin náà ti dìde, ó ti gbé àga náà, ó ń sọdá títì bọ̀.

"Kí lò ń wò tó o fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè.

Ètè náà ya níbi tó ti jiná. Ẹ̀jẹ̀ kán sí i lágbọ̀n.

"Olúwa," ó wí, "di mí mú."

"Àmín," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ọkùnrin náà dúró láàárín títì. Mọ́tò ń fun fèrè fún un. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó sì padà lọ gbé àga tirẹ̀ náà, ó kó méjèèjì jọ, ó yà ní kọ̀rọ̀.

Ọkùnrin náà ti tún kó àga méjèèjì dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọwọ́-Wúrà kò dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó jí. Ó ya ẹnu.